Ohun Tí Ibà Ṣe sí Òṣùwọ̀n Ìyàtọ̀ Láàrin Ẹ̀yà

Bí èèyàn bá dúró sí Allen Avenue ní Ìkẹjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé títì yẹn gba gbogbo ẹ̀yà. Àwọn ará Òkè Ọya tó ń ṣẹ́ dọ́là wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìgbò tó ń tajà wà níbẹ̀. Yorùbá tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Lẹ́bánónì, Íńdíà àti Ṣáínà tí iṣẹ́ gbé wá sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ńlá tó wà láti Ìkẹjà títí dé Agége. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò náà. Àwọn àfẹ́sọ́nà tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní kí wọ́n lọ wo jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so yìgì máa ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń retí bébà tí wọ́n máa kọ AA, AS, AC tàbí SS sí.

Bébà kékeré yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń kó jọ láti fi ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà kan ṣe yàtọ̀ sí ti ẹ̀yà mìíràn tó. Ìṣirò náà dára, ó sì wúlò. Àmọ́ bí iye kan bá ti jáde, àwọn èèyàn á gbà pé ó ti sọ bí ẹ̀yà méjì ṣe jìnnà síra tó, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ò gbà pé ó parí síbẹ̀. Ibà àti oúnjẹ àwọn baba ńlá wa ti tọwọ́ bọ iye yẹn: wọ́n gbé e sókè níbì kan, wọ́n sì fà á wálẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n ṣe lórí jíìnì tó ń wò yóò ṣi iye náà kà.

Ẹni tó gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ ni Sewall Wright, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ní 1951. FST ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Olúkúlùkù wa ló ní ẹ̀dà jíìnì méjì méjì, a gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, a gba èkejì lọ́dọ̀ ìyá. Ká ní jíìnì kan pín sí oríṣi méjì. A ó mú ẹ̀dà méjì láìṣàyàn láàrin àwọn Yorùbá, a ó wò ó bóyá wọ́n jọra. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí a ó fi mọ iye ìgbà tí wọn kì í jọra. A ó ṣe bákan náà láàrin àwọn Òyìnbó. Lẹ́yìn náà la ó da àwùjọ méjèèjì pọ̀, a ó sì tún un mú. Bí ẹ̀yà méjèèjì kò bá yàtọ̀ síra rárá, dídà tí a dà wọ́n pọ̀ kò ní fi kún àìjọra tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, FST yóò sì jẹ́ 0. Bó bá jẹ́ pé oríṣi kan ni gbogbo Yorùbá ní, tí gbogbo Òyìnbó sì ní oríṣi kejì, a jẹ́ pé ìyàtọ̀ ẹ̀yà nìkan ló fa gbogbo àìjọra tó wà nínú àpapọ̀ náà. FST yóò jẹ́ 1. Iye yòówù tí a bá tún rí, àárín 0 àti 1 ló máa wà. Ohun tó ń sọ ni ìpín tó jẹ́ ti ìyàtọ̀ ẹ̀yà nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà.

Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí iṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ibi mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò ti wá: Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, èèyàn 90 ní Utah ní Amẹ́ríkà tí àwọn baba ńlá wọn ti Yúróòpù wá, 45 ní Beijing, 45 ní Tokyo. Ìdílé 30 ni ti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ. Lẹ́tà YRI ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, àwọn onímọ̀ tí kò sì tíì tẹsẹ̀ bọ Ìbàdàn rí ń kọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn sínú ìwé wọn títí dòní. Iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e tí wọ́n pè ní 1000 Genomes. Nígbà tí ìyẹn parí ní 2015, ó ti kó èèyàn 2,504 jọ láti inú àwùjọ 26, àwọn Ẹ̀sán ti ìpínlẹ̀ Ẹdó sì wà lára wọn pẹ̀lú Yorùbá.

Bí a bá ṣírò FST lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi nínú DNA, tí a wá wo àárín wọn, ti Yorùbá àti àwọn ará Yúróòpù máa ń wà láàrin 0.12 sí 0.16, ó kù sí bí oníṣirò bá ṣe ṣe é. Ti Yorùbá àti Ẹ̀sán kò tó 0.01. Èyí bá ohun tí Richard Lewontin sọ ní 1972 mu, pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọmọ aráyé, bí ìdá 85 nínú 100 ló wà láàrin àwọn tó jẹ́ ará àwùjọ kan náà. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá mú Yorùbá méjì tí wọn kò bára tan ní títì Allen, ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó wà láàrin ọ̀kan nínú wọn àti ará Lẹ́bánónì tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì yẹ ká máa kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́.

Kí ló wá ń gbé iye àárín yẹn sókè sódò? Èèṣì ìbímọ wà níbẹ̀: ìdílé kan bí mẹ́jọ, òmíràn kò bí rárá, oríṣi jíìnì kan á pọ̀ sí i, èkejì á sì dín kù, láìsí ìdí kankan. Bí ẹ̀yà méjì bá ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti pínyà, bẹ́ẹ̀ ni èèṣì náà á ṣe kó jọ tó. Ìrìnàjò àti ìgbéyàwó á sì máa fa iye náà wálẹ̀. Gbogbo jíìnì pátá ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ń kàn, torí pé ẹni tó bá ṣí láti Kánò wá sí Agége kò fi jíìnì kankan sílẹ̀ sílé.

Àṣàyàn àdánidá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀ kò le: bí àwọn tó ní oríṣi jíìnì kan bá ń yè, tí wọ́n sì ń bímọ ju àwọn tí kò ní in lọ, oríṣi náà á máa pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Kò sí ẹni tó jókòó yàn án. Jíìnì tí ọ̀rọ̀ kàn àti èyí tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló sì ń bá jà. Ìdí nìyí tí Lewontin àti Jesse Krakauer fi dá a lábàá ní 1973 pé kí wọ́n máa fi FST jíìnì kọ̀ọ̀kan wé ara wọn. Èyí tí tirẹ̀ bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù láàrin àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kí àṣàyàn ti ṣe nǹkan sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bébà jẹ́nótáìpù. Lẹ́tà S tó wà níbẹ̀, àyípadà lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló fà á nínú jíìnì tó ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá gba S lọ́wọ́ bàbá tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá ló ń ní àrùn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kí oògùn òyìnbó tó dé, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà. Àwọn ìdílé tó ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójayé mọ ohun tí ojú wọn rí. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé SS wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Bí S bá wá burú tó báyìí, kí ló dé tí kò pòórá? Kí ló dé tí bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS, tó gba S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, títí dòní?

Anthony Allison ló fi ìdáhùn rẹ̀ hàn ayé ní 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ọmọ tó jẹ́ AS kì í tètè kú sọ́wọ́ ibà. Ní 1967, Herbert Gilles àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí àwọn ọmọdé Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà níbí, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn AS kò tó ti àwọn AA. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí èròjà G6PD kò pé nínú rẹ̀ náà máa ń le fún kòkòrò ibà láti wọ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Nǹkan méjì ló wá ń fa S. Ikú àwọn SS ń fà á wálẹ̀, ìyè àwọn AS ń gbé e sókè. Níbi tí agbára méjèèjì ti bára dọ́gba ni S dúró sí. Ká ní nínú ẹ̀dà jíìnì 100 láàrin Yorùbá, 12 ni S, èyí tó súnmọ́ ohun tí wọ́n ń rí. Bó bá jẹ́ pé kò sí SS kankan tó ń dàgbà dé ìgbà ìbímọ láyé àtijọ́, ìṣirò fi hàn pé kí S tó lè dúró síbi 12 yẹn, nínú gbogbo 100 ọmọ AA tí ì bá yè bí àwọn AS ṣe ń yè, ibà ní láti máa mú bíi 14 lọ. Ẹ rò ó wò: ọmọ 14 nínú 100, láti ìran dé ìran. Iye tí ibà gbà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa nìyẹn, inú ẹ̀jẹ̀ wa sì ni wọ́n ti ń kà á títí dòní.

Ó wá ku FST. Láàrin àwọn ará Yúróòpù bíi ti Utah, S kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ẹ fi 12 nínú 100 wé òdo, kí ẹ ṣe ìṣirò Wright. Bí 0.06 ló máa jáde. Ẹ ti rántí iye àárín fún Yorùbá àti Yúróòpù, 0.12 sí 0.16. Ìyẹn ni pé jíìnì tí gbogbo ayé fi ń pe àrùn yìí ní àrùn aláwọ̀ dúdú, tí ibà fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún jà lé lórí, iye tó gbé jáde kò tó ti jíìnì lásán tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé àṣàyàn kò lágbára níbẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọ̀nà méjì ló ń fà sí, kò sì jẹ́ kí S kọjá àyè kan. Ẹni tó bá wo FST nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Irú àṣàyàn tó ń mú kí oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà pa pọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ S. Àwọn jíìnì HLA, tí ara fi ń dá ọ̀tá mọ̀, irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì pẹ́ débi pé àwọn oríṣi kan wà tí ọmọ èèyàn àti ìnàkí jọ ní láti ìgbà tí ìran wọn kò tíì pínyà.

Ibà kan náà ṣe òdì kejì rẹ̀ níbòmíràn. Orí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy, orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní 1950. Ibẹ̀ ni kòkòrò ibà tó ń jẹ́ vivax máa ń dì mú kó tó wọlé. Àyípadà lẹ́tà kan ti pa èròjà yìí rẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Louis Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn láàrin 1975 àti 1976 pé ìdí nìyẹn tí vivax kì í fi í sábà rí wa mú. Ẹni tó ní ẹ̀dà méjì àyípadà náà kò pàdánù ohun tó tó ti SS, nítorí náà kò sí ohun tó fà á sẹ́yìn. Ó gòkè títí ó fi gba gbogbo ilẹ̀. Láàrin Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní in. Láàrin àwọn ará Yúróòpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní in. FST ibẹ̀ súnmọ́ 1. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an nínú gbogbo DNA ọmọ èèyàn. Ibà ló fà á tí S fi jẹ́ 0.06, ibà náà ló fà á tí Duffy fi súnmọ́ 1, láàrin ẹ̀yà méjì kan náà.

Ẹ tún wo lẹ́tà C. Nínú àwọn bébà tó ń jáde ní àwọn ilé àyẹ̀wò Ìkẹjà, ẹ ó máa rí AC. Ó pọ̀ jù lọ ní Burkina Faso àti àríwá Gánà, ó sì wà láàrin Yorùbá, bí ẹni mẹ́fà nínú 100. Tí ẹ bá ti kọjá odò Ọya sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò, ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí i mọ́. C náà ń gba èèyàn lọ́wọ́ ibà, àmọ́ kò tíì tàn dé ibẹ̀. Bí a bá ṣírò FST Yorùbá àti Ìgbò lórí C nìkan, bí 0.015 ló máa jáde. Iye kékeré ni, síbẹ̀ ó ju iye àárín tí a ń rí láàrin àwọn ẹ̀yà tó múlé gbe ara wọn bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi AC sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Ìgbò àti ti Yorùbá kò papọ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́tà kan ló rí, DNA tó kù kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ti wàrà ló máa ń jọ mí lójú jù. Ọmọ ọwọ́ gbogbo ló ní èròjà tó ń mú kí ṣúgà inú wàrà dà nínú ikùn. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ aráyé bá ti ń dàgbà, èròjà náà á lọ sílẹ̀, àwọn tí ó bá mu wàrà tútù púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, inú wọn á kún, á sì máa kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà àti àwọn dókítà Nàìjíríà yẹ àwọn ẹ̀yà wa wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbà Yorùbá àti Ìgbò ni ṣúgà wàrà kì í dà fún, nígbà tó jẹ́ pé ó ń dà fún ọ̀pọ̀ Fúlàní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó padà wá di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. Ìwé tí òun àti Kretchmer jọ kọ ní 1975 dá lórí àwọn ìdílé Nàìjíríà, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìran ni: bí òbí kan ṣoṣo bá ní agbára yẹn, ó lè fún ọmọ. Wọn ò tíì mọ ibi tó wà nínú DNA nígbà náà. Ní 2002 ni àwọn ará Finland tó rí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí. Àyípadà tó wà lára àwọn Fúlàní ni ọ̀kan náà tó wà lára àwọn ará Yúróòpù. Bí a bá fi jíìnì yẹn nìkan ṣírò, Fúlàní tó ń da màlúù bọ̀ ní ọjà ẹran Agége yóò súnmọ́ ará Jámánì ju Yorùbá tó ń bá a dúnàá dúrà lọ. Bí a bá ṣírò gbogbo DNA, ọ̀rọ̀ yí padà: Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti Fúlàní ti wá. Àwọn darandaran ló nílò wàrà, àwọn tí ó ń dà fún ló sì yè jù, ibi yòówù kí wọ́n wà. Àṣàyàn lè sọ aládùúgbò di àjèjì nínú ìwé, ó sì lè sọ àjèjì di ìbátan.  Ní ti àwa tí wàrà kì í dà fún, díẹ̀ tí à ń bù sínú tíì kì í sábà yọ wá lẹ́nu. Kọ́ọ̀bù kan gbáko lórí ikùn òfìfo ni kí ẹni tó mọ ara rẹ̀ ṣọ́ra fún.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn oníṣirò fúnra wọn kì í sábà ṣàlàyé fún gbogbo ayé. Gbogbo ìgbà ni àyípadà búburú ń wáyé nínú DNA, àwọn tó bá ní in kì í fi ọmọ púpọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àyípadà náà bá ń parẹ́, ó máa ń kó àwọn oríṣi tó wà nítòsí rẹ̀ lọ, tí wọn kò ṣẹ̀ rárá. Ibi tí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀, ìyàtọ̀ láàrin àwọn ará ẹ̀yà kan náà á dín kù. Ẹ má sì gbàgbé pé ìpín ni FST. Ká ní owó ọmọ kan fi 100 náírà ju ti èkejì lọ. Bí àpapọ̀ owó wọn bá jẹ́ 10,000, ìyẹn kò tó nǹkan. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 300, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́ta. 100 náírà ọ̀hún kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni FST ṣe lè ga níbi tí ẹ̀yà méjì kò ti yàtọ̀ síra ju ti ibòmíràn lọ, torí pé ohun tí wọ́n ń fi pín in ti kéré. Brian Charlesworth kìlọ̀ nípa èyí ní 1998, ó ní kí wọ́n máa wo iye lẹ́tà tí ẹ̀dà láti ẹ̀yà kan fi yàtọ̀ sí ẹ̀dà láti ẹ̀yà kejì gan-an, kí wọ́n má fi ọkàn tán FST nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìran ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n lò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn iye wọ̀nyí lónìí ní Ìkẹjà? Ìgbéyàwó láàrin ẹ̀yà ń pọ̀ sí i, ìyẹn á máa fa FST wálẹ̀ lórí gbogbo jíìnì. Ibà ìgboro kò tó ti oko, dókítà sì wà nítòsí, nítorí náà àǹfààní tí AS ń jẹ lórí AA ń dín kù. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù pàápàá ní ipa tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn kan rò pé bí AS kò bá fẹ́ AS mọ́, S máa parẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí AS bá fẹ́ AA, ìdajì àwọn ọmọ wọn ni ìrètí wà pé yóò jẹ́ AS, kò sì sí SS tí yóò kú lọ pẹ̀lú S méjì. Àyẹ̀wò ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìrora, ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn, kó sì máa ṣe é lọ. S á ṣì wà. Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà wa, ṣírò ní 2018 pé ó ti tó 7,300 ọdún tí S ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í lọ láàrin ìran méjì.

Ọ̀rọ̀ Duffy ni mo fẹ́ fi bẹ̀ yín, torí ó kan ẹ̀yin tó ń gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Allen, ní Ọ̀pẹ̀bí àti níbi gbogbo. Ní 2009, àwọn onímọ̀ rí i pé àyípadà kan náà tó lé vivax lọ ló máa ń mú kí oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń jẹ́ neutrophil lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà. Ara onítọ̀hún le koko, kò sí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n iye tí ọ̀pọ̀ ìwé kọ sílẹ̀ pé ó yẹ kéèyàn ní, ara àwọn tí Duffy wọn pé ni wọ́n ti rí i. Èsì á jáde, wọ́n á fi ìlà pupa sí i pé ó kéré jù, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fòyà, wọ́n tilẹ̀ lè dín oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n dá a dúró nígbà tó nílò rẹ̀ jù. Bí irú bébà bẹ́ẹ̀ bá kan yín lọ́wọ́, ẹ má sá lọ sílé, ẹ má sì fúnra yín ra oògùn. Ẹ bi dókítà yín léèrè bóyá wọ́n ti ro ti Duffy mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi wé èsì yín ti àtẹ̀yìnwá nígbà tí ara yín le. Ẹ̀yin tó ni ilé àyẹ̀wò, ẹ tẹ iye tó bá ẹ̀jẹ̀ àwọn oníbàárà yín mu sórí bébà yín.